Báwo ni ẹni tó ń dá kọ́ kóòdù ṣe lè kọ́ iṣẹ́ agile nígbà tí kò tíì rí ẹgbẹ́ tó gbà á?

Ọmọ Ìbàdàn béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti ń fi freeCodeCamp àti fídíò orí YouTube kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù. Ní báyìí, mo lè fi JavaScript kọ áàpù kékeré kan tí yóò ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, mo mọ bí a ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú PostgreSQL, orí GitHub ni mo sì ń kó iṣẹ́ mi sí. Ohun tó wá dá mi dúró ni pé agbára káká ni mo fi ń rí ìkéde iṣẹ́ kan tí kò ní béèrè pé kí ẹni tó ń wáṣẹ́ ti bá ẹgbẹ́ tó ń lo agile (ọ̀nà ṣíṣe iṣẹ́ kóòdù ní díẹ̀díẹ̀, tí a ń yí ètò padà bí a ṣe ń rí ohun tí ènìyàn nílò) ṣiṣẹ́ rí, kí ó mọ Scrum (ọ̀kan lára àwọn ìlànà agile), kí ó sì mọ Jira (áàpù tí ẹgbẹ́ fi ń tọpa iṣẹ́) lò.

Mo ti ka Scrum Guide, ìwé tó ṣàlàyé ìlànà Scrum, tán. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gùn, nítorí èyí tí wọ́n ṣe jáde ní ọdún 2020 kò ju nǹkan bí ojú-ìwé 14 lọ. Mo kọ́ nínú rẹ̀ pé sprint kan (àkókò kúkúrú tí ẹgbẹ́ fi ń parí apá kan iṣẹ́) kì í ju oṣù kan lọ, pé ìpàdé ojoojúmọ́ kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ, pé ẹgbẹ́ náà kì í sábà ju ènìyàn 10 lọ, àti pé Product Owner ni ó ń pinnu ohun tí yóò ṣáájú àti ohun tí yóò tẹ̀lé e nínú backlog (àtòkọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀). Mo lè ka gbogbo rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo ti fi ṣe, n kò ní ohun tí mo lè nàka sí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ béèrè. Àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní kí n wá san owó tó pọ̀ fún kíláàsì ráńpẹ́ kan, tí wọn yóò sì fún mi ní ìwé-ẹ̀rí Scrum Master lẹ́yìn rẹ̀; ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí n san án? Èkejì, ọ̀nà wo ni ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lè gbà kọ́ ohun tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é? Àwọn agbanisíṣẹ́ fẹ́ ẹni tó ti ṣe é rí, ẹni tí kò sì tíì ríṣẹ́ kò mọ ibi tí yóò ti ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e kúrú fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń ṣe gan-an lẹ́nu iṣẹ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n Yaba fèsì pé:

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ mọ́gbọ́n wá. N ó kọ́kọ́ mú ti ìwé-ẹ̀rí kúrò nílẹ̀, nítorí òun ni ó lè tètè gba owó lọ́wọ́ rẹ: má san án báyìí. Iṣẹ́ Scrum Master ni láti bá ẹgbẹ́ mú ìdènà kúrò lọ́nà kí iṣẹ́ wọn lè máa dára sí i, ó sì ṣòro kí ẹgbẹ́ kan gbà pé kí ẹni tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣiṣẹ́ rí wá máa tọ́ àwọn sọ́nà. Kóòdù ni iṣẹ́ tí o ti mọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ni kí o gbà wọlé.

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí agile wà fún, wo ohun tó ń dun àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ènìyàn 17 péjọ sí Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Lára wọn ni Kent Beck, Ward Cunningham, Martin Fowler, Ken Schwaber àti Jeff Sutherland. Ohun tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n wá fẹnu kò lé lórí. Schwaber àti Sutherland ti ṣàlàyé Scrum níwájú àwọn onímọ̀ ní ọdún 1995, Beck náà sì ti lo Extreme Programming, ọ̀nà agile mìíràn, lórí iṣẹ́ ìṣirò owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ Chrysler. Gbogbo wọn ni wọ́n ti rí bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń fi oṣù púpọ̀ kọ ìwé ètò, tí wọn yóò tún fi oṣù púpọ̀ mìíràn kọ kóòdù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà dé iwájú ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, ohun tó nílò ti yí padà, tàbí kí ó tilẹ̀ hàn pé ohun tó sọ kò yé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun 4 tí wọ́n kà sí pàtàkì, àti ìlànà 12 tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn, kò sọ pé ìwé tàbí ètò kò wúlò. Wọ́n sọ pé ó wúlò, ṣùgbọ́n pé áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó ṣe pàtàkì ju ìwé tó nípọn lọ, àti pé bíbá oníbàárà jókòó pọ̀ ṣe pàtàkì ju jíjà lórí àdéhùn lọ.

Nítorí náà, ohun tí agbanisíṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ ni bóyá o lè gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, kí o gbé díẹ̀ jáde, kí o wo bí ènìyàn ṣe ń lò ó, kí o sì gbà láti yí ètò rẹ padà láì bínú. Ìyẹn ṣeé kọ́ ní Ìbàdàn láìsí ilé-iṣẹ́ kankan.

Wá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ládùúgbò rẹ tí akápò rẹ̀ ṣì ń fi ìwé àti báírò ṣe àkọsílẹ̀. Má bi í pé irú áàpù wo ni ó fẹ́. Tọrọ ààyè kí o jókòó tì í lọ́jọ́ ìpàdé, kí o sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. O ó rí i pé yóò gba owó, yóò kọ orúkọ àti iye sínú ìwé ńlá, yóò tún kọ iye kan náà sínú káàdì ọmọ ẹgbẹ́, yóò sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìpàdé bá tú, yóò jókòó láti ṣírò gbogbo rẹ̀, bí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá sì bá ìwé mu, yóò tún un ṣe láti òkè. Ibi àtúnṣírò yẹn ni iṣẹ́ rẹ wà.

Kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tí akápò fúnra rẹ̀ lè kà kí ó yé e: “Akápò fẹ́ kọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kan dá lónìí, kí àròpọ̀ owó ọjọ́ náà lè hàn lójú ẹsẹ̀.” Èyí nìkan ni kí o ṣe ní sprint àkọ́kọ́. Owó yíyá kò sí níbẹ̀, èlé kò sí níbẹ̀, fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ọkàn rẹ máa fà sí wọn tó. Lábẹ́ gbólóhùn yẹn, kọ ohun tí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ṣe bí ó ti yẹ. Bí akápò bá tẹ 5,000 tàbí 5000, ọ̀kan náà ni kí áàpù kà á sí. Bí orúkọ kan bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, kí áàpù béèrè kí ó tó gbà á. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ lójijì, kí ohun tó ti tẹ̀ má sọnù. Bí ó bá ṣì iye kọ, kí ó má lè pa ìlà náà rẹ́; ìlà mìíràn ni kí ó fi tún un ṣe, kí ayẹ̀wé-owó-wò lè rí méjèèjì.

Gbé e fún un lọ́jọ́ ìpàdé tó tẹ̀lé e, kí o sì tún jókòó tì í. Ó dá mi lójú pé yóò sọ ohun tí ìwọ kò rò. Ó lè sọ pé ẹnì kan máa ń mú owó ènìyàn mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí pé owó ìdókòwò yàtọ̀ sí owó ìfipamọ́, àti pé ojú-ewé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Nígbà náà ni o ó padà sídìí backlog, tí ohun tí o tò sí ipò kejì yóò sọ̀kalẹ̀, tí ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá yóò sì bọ́ sí òkè. Kọ ìdí àyípadà náà àti ọjọ́ tó wáyé sílẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ yẹn ni ìwọ yóò mú lọ síwájú agbanisíṣẹ́.

Olùdánwò Abẹ́òkúta fèsì pé:

Ẹ kú àlàyé, Ẹ̀gbọ́n Yaba. Iṣẹ́ dídán áàpù wò ni èmi ń ṣe, mo sì fẹ́ kí Ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ohun tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ kì í sábà sí nínú ìpàdé wọn. Inú kóòdù ni ó máa ń wà. Ẹni tó bá ń gbé nǹkan tuntun jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò sì ní ìdánwò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ńṣe ni yóò máa fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọ, tí yóò sì máa fi tòsì wó o.

Ẹ jẹ́ kí a lo àpẹẹrẹ akápò yẹn. Kí ẹ tó kọ kóòdù tí yóò ṣe àròpọ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ ìdánwò tó sọ pé bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta bá dá ₦5,000, ₦2,500 àti ₦500, àròpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦8,000. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò náà ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ojú yín rí i pé ó kùnà, nítorí kóòdù rẹ̀ kò tíì sí. Ẹ wá kọ ìwọ̀nba kóòdù tí yóò mú un yege, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tún kóòdù náà tò kí ó lè rọrùn láti kà. Ìdánwò kejì lè sọ pé bí ìlà àtúnṣe kan bá yọ ₦500 kúrò, àròpọ̀ gbọ́dọ̀ di ₦7,500, ìlà àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lára ohun tí Kent Beck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Extreme Programming kọ́ wa nìyí, mo sì gbà pé ó wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ju gbogbo ìpàdé inú Scrum lọ. Bí ẹ bá sì ti ń kọ ìdánwò tó jẹ mọ́ owó, ẹ kò ní pẹ́ bá ìwà JavaScript kan pàdé: bí ẹ bá ní kí ó ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ni yóò fún yín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tọ́jú owó ní kọ́bọ̀, ní odidi nọ́ńbà, tí a kì í sọ ọ́ di náírà àfi nígbà tí a bá fẹ́ fi han ẹni tó ń lò ó.

Ẹ so àwọn ìdánwò náà mọ́ GitHub Actions kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ fúnra wọn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé kóòdù wọlé. Ọ̀fẹ́ ni fún iṣẹ́ tí gbogbo ayé lè rí. Kí ẹ sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹnu kò lórí ìgbà tí ẹ lè sọ pé iṣẹ́ kan ti parí, èyí tí Scrum Guide pè ní Definition of Done. Pé ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ kò tó. Lọ́dọ̀ wa, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti ka kóòdù náà, gbogbo ìdánwò gbọ́dọ̀ ti yege, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti wà níbi tí ẹni tó nílò rẹ̀ ti lè fọwọ́ kàn án.

Ti Jira kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ẹgbẹ́ tí kò ju ènìyàn 10 lọ lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, Trello tàbí GitHub Projects náà sì lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ nílò. Ohun tó ṣòro ni kíkọ káàdì (àkọsílẹ̀ kékeré tó sọ iṣẹ́ kan tí ẹ fẹ́ ṣe) tí ẹlòmíràn lè kà kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìtún pe ẹni tó kọ ọ́.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ nípa ìpàdé ojoojúmọ́. Mo ti rí ibi iṣẹ́ tí ọ̀gá ti sọ ọ́ di ibi ìjíhìn, tó ń kọ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣòro wọn pa mọ́, tí gbogbo káàdì ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa títí di ọjọ́ tí ó yẹ kí a gbé e jáde. Àwọn tó ń kọ kóòdù ló ni ìpàdé yẹn. Wọ́n ń ṣe é kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ wọn ṣì lè tẹ ohun tí wọ́n fi ṣe àfojúsùn sprint, kí wọ́n sì yí iṣẹ́ ọjọ́ náà padà bí ó bá yẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní òdìkejì rẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní san owó náà mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò aṣọ, wọ́n sì ti gbà kí n wá jókòó ti àwọn. Ènìyàn méjì náà ti ní àwọn yóò bá mi ṣe é: ọ̀kan wà ní Òṣogbo, ó sì mọ PostgreSQL jù mí lọ, èkejì wà ní Ìlọrin, òun ló máa ń fi Figma ya ojú áàpù. Ìṣòro tó kù ni pé iná kì í wà lọ́dọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, dátà sì wọ́n, kò sì dájú pé a lè rí ara wa lórí fídíò lójoojúmọ́. Ṣé bí a kò bá lè ṣe ìpàdé yẹn, a ti kúrò nínú agile nìyẹn?

Ará Manchester fèsì pé:

Rárá o. Mo ń ṣiṣẹ́ láti Manchester, àwọn tí a jọ ń kọ kóòdù wà ní Póláǹdì àti ní Íńdíà, wákàtí tí gbogbo wa fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ kò sì tó nǹkan. Fún ènìyàn mẹ́ta tí iná ń dà láàmú, mo rò pé Kanban yóò bá yín lára mu ju Scrum lọ. Taiichi Ohno ni ó fi ọ̀nà náà ṣètò iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Toyota ní Japan, David Anderson sì wà lára àwọn tó mú un wọ inú iṣẹ́ kóòdù. Kò fi dandan lé sprint. Ohun tó fi dandan lé ni pé kí gbogbo iṣẹ́ hàn lórí bọ́ọ̀dù, kí iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sì ní òdiwọ̀n.

Ẹ fi òdiwọ̀n yẹn sí káàdì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ará Òṣogbo bá ti parí tirẹ̀, tó sì ń retí kí ẹ bá òun ka kóòdù, kò gbọdọ̀ fa káàdì tuntun. Kóòdù ẹlòmíràn ni kí ó lọ kà, tàbí kí ó bá ẹni tí iṣẹ́ há mọ́ lọ́wọ́ tú u. Yóò dà bíi pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa parí dípò kí ó máa dúró lábọ̀. Ní ti ìpàdé, ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú WhatsApp nígbàkígbà tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ohun tó parí, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó ń dúró dè. Ìpàdé fídíò kan lọ́sẹ̀ tó fún ìyókù, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti máa bi ara yín léèrè ohun tó dí yín lọ́wọ́ àti ohun kan péré tí ẹ fẹ́ yí padà.

Ẹ jẹ́ kí pull request yín (kóòdù tí ẹ gbé kalẹ̀ kí ẹlòmíràn kà kó tó wọlé) kéré. Èyí tó bá kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, kò sẹ́ni tí yóò fara balẹ̀ kà á; wọn yóò kàn gbà á wọlé ni. Ẹ kọ ìdí iṣẹ́ náà sí òkè rẹ̀, àti bí ẹni tó ń kà á ṣe lè dán an wò. Bí mo bá wà lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò fún iṣẹ́, mo máa ń ní kí ó sọ ìgbà kan tí ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà lójijì nígbà tí iṣẹ́ ti dé ìdajì, àti ohun tó ṣe sí i. Ẹni tó lè ṣí GitHub rẹ̀, kí ó fi káàdì náà hàn mí, kí ó fi àríyànjiyàn tó wáyé lábẹ́ pull request hàn mí, mo máa ń fetí sí i gidigidi.

Mo ya díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Yaba lórí ìwé-ẹ̀rí. Àwọn kan níbí ṣì ń wò ó kí wọ́n tó pe ènìyàn. Bí ẹ bá ti parí iṣẹ́ akápò yìí, tí owó sì wà, ẹ lọ wo PSM I, ìdánwò ìwé-ẹ̀rí Scrum Master ti Scrum.org. Kò di dandan kí ẹ lọ sí kíláàsì kí ẹ tó ṣe é. Ìbéèrè 80 ni, láàárín ìṣẹ́jú 60, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 85 nínú 100. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í kú. CSM, ìwé-ẹ̀rí Scrum Master ti Scrum Alliance, ní tirẹ̀ ń fẹ́ kíláàsì, wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún méjì-méjì.

Ẹ̀gbọ́n Yaba fèsì pé:

Mo gbà bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló ṣáájú ìwé-ẹ̀rí. Bí ẹ bá ń wá ẹni kẹrin tí yóò ṣe Product Owner, ẹ wá a láàárín àwọn tó wà nínú 3MTT, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, nítorí àwọn tó ń kọ́ product management (pípinnu ohun tí áàpù yóò ṣe) wà níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni àwọn náà ń wá.

Olùdánwò Abẹ́òkúta fèsì pé:

Ohun kan ṣì kù tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí akápò tó tẹ orúkọ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ yín yóò wà ní gbangba lórí GitHub, owó àti orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ bá a wà níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ àti iye tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní ti gidi ṣe gbogbo ìdánwò yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ibi tí ẹ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú fáìlì .env, kí ẹ sì kọ orúkọ fáìlì náà sínú .gitignore (àtòkọ fáìlì tí kò gbọdọ̀ bá kóòdù lọ sórí GitHub) láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti wọ orí GitHub pẹ́nrẹ́n, pípa á rẹ́ nínú kóòdù tó tẹ̀lé e kò tó, nítorí Git ń tọ́jú gbogbo ohun tó ti kọjá. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún 2023 ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ sọ fún akápò àti alága ẹgbẹ́ ohun tí ẹ ń tọ́jú, ibi tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí, àti bí wọ́n ṣe lè ní kí ẹ pa á rẹ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó gba orúkọ ẹnikẹ́ni.